Bíréèkì Ọkùnrin Ará Ọ̀yọ́

Kì í ṣe ẹ̀sìn ló fẹ́ẹ̀ da ìgbéyàwó mi rú, kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìdílé, kì í sì í ṣe owó orí. Bíréèkì ni. Mo mọ̀ pé àwọn kan ti ń rẹ́rìn-ín, kí wọ́n máa rín in lọ. Ẹni tí kò bá tíì jókòó sẹ́yìn ọkọ̀ tó ń gbọ̀n, kí bàbá rẹ̀ wà níwájú, kí ọkùnrin tó ń fẹ́ sì wà nídìí sitiárìn, kò tíì mọ ohun tí ojú obìnrin ń rí.

Ògbómọ̀ṣọ́ ni ilé wa, kò jìnnà sí Ọjà Igbó. Aránṣọ ni mí nígbà náà, lápá ìparí àwọn ọdún 1980. Mo ní ṣọ́ọ̀bù kékeré kan lójú títì, ẹ̀rọ ìránṣọ kan, áyọ́ọ̀nù eléèédú kan, àti inú fùfù tí mo jogún lọ́dọ̀ bàbá mi. Bàbá mi ti fi gbogbo ìgbà èwe wọn wa ọkọ̀ akẹ́rù lọ sí Òkè Ọya. Wọ́n ti fẹ̀yìn tì nígbà tí mò ń sọ yìí, mọ́ṣáláṣí àti oko wọn lọ́nà Ìrẹsà ló kù tí wọ́n ń lọ, ṣùgbọ́n bí ọkọ̀ kan bá ń kọjá lójúde wa, wọ́n á dákẹ́, wọ́n á gbọ́ ìró rẹ̀ títí tí yóò fi lọ, wọ́n á wá sọ àrùn tó ń ṣe é.

Ọkùnrin tó fẹ́ fẹ́ mi, ará Ọ̀yọ́ ni. Iṣẹ́ awọ ló ń ṣe: tìmùtìmù, àpò, bàtà. Ó wá tajà ní Ọjà Igbó lọ́jọ́ kan, ó yà sí ṣọ́ọ̀bù mi pé kí n bá òun rán àpò ṣòkòtò òun tó já. Àpò náà kò já rárá. Mo rí i pé kò já, mo bá a rán an, mo sì gbowó mi.

Aládùúrà ni òun, Mùsùlùmí ni wá. Nílé tiwa, ìyẹn kì í ṣe ìjà. Àwọn àbúrò bàbá mi kan wà ní ṣọ́ọ̀ṣì, a jọ ń jẹ ẹran Iléyá, a jọ ń jẹ ìrẹsì Kérésì. Bàbá mi ò bi í léèrè ṣọ́ọ̀ṣì tó ń lọ. Ohun tí wọ́n kọ́kọ́ bi í ni pé, "Ta ló ń bá ọ tún ọkọ̀ yẹn ṣe?"

Nǹkan ti ń wọ́n nígbà náà, ọkọ̀ tuntun ti di ti àwọn alágbára. Ẹni tó bá ra àlòkù tó sì ń rìn, gbogbo àdúgbò á kí i kú oríire. Àlòkù ni tirẹ̀, ṣùgbọ́n ó ti fi awọ pupa àti dúdú bo gbogbo ìjókòó rẹ̀, ó sì to tìmùtìmù sẹ́yìn bí ilé ìjòyè.

Ọ̀sán ọjọ́ Sunday ló máa ń wá kí wa, lẹ́yìn ìsìn. Ọyẹ́ mú gan-an lọ́dún náà. Títì Ọ̀yọ́ ti hu kòtò, ọkọ̀ ń ya sí ẹ̀gbẹ́ títì, eruku pupa sì bo ilé, ó bo ewé, ó bo ewúrẹ́. Àwọn èrò tó ń sọ̀ kalẹ̀ ní Ọjà Igbó, ìpéǹpéjú wọn á pọ́n, ìyá á máa wo ọmọ rẹ̀ kó tó mọ̀ pé òun ló bí i. Àmọ́ ọkọ̀ tirẹ̀ á yọ ní kọ̀rọ̀, á máa dán gbinrin. Táyà dúdú kirikiri. Mo ti fi ìlẹ̀kùn ọkọ̀ náà wo gèlè mi rí.

Bàbá mi yí ọkọ̀ náà po lọ́jọ́ kan. "Ṣé ọyẹ́ ò fẹ́ ní Ọ̀yọ́ ni?"

Ó wà lórí ìdọ̀bálẹ̀ lọ́wọ́. "Ó ń fẹ́ o, Bàbá. Ṣùgbọ́n béèyàn bá mọ ọkọ̀ wà, eruku kì í fi bẹ́ẹ̀ mú un."

Bàbá mi, tí wọ́n ti jẹ eruku láti Ògbómọ̀ṣọ́ dé Kánò, wò ó títí. N ò mọ̀ bóyá inú wọn dùn tàbí inú bí wọn. Lọ́jọ́ kejì wọ́n lọ sọ ọ́ ní mọ́ṣáláṣí pé àwọn ti rí awakọ̀ kan tí eruku ń bẹ̀rù.

Kò pẹ́ sígbà náà ni Bàbá ní kí ó gbé àwọn dé ọjà kí àwọn ra obì. Èmi àti Ìyá Àgbà jókòó sẹ́yìn. Ìyá Àgbà ni ìyàálé ìyá mi, obìnrin tó sanra, tí ohùn rẹ̀ sì sanra jù ú lọ. Bí a ṣe ń sọ̀ kalẹ̀ lọ sí ìkóríta Ọjà Igbó, ewúrẹ́ kan já lu títì. Ará Ọ̀yọ́ tẹ bíréèkì. Yéè! Gbogbo ọkọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n, jì-jì-jì-jì! Sitiárìn ń jó lọ́wọ́ rẹ̀, fìlà Bàbá wálẹ̀ bo ojú wọn, tẹ̀sùbáà wọn já bọ́ sábẹ́ ìjókòó. Ewúrẹ́ náà dúró láàárín títì, ó ń wò wá. Bàbá sọ̀ kalẹ̀, wọ́n sì fẹsẹ̀ rìn padà sílé láìra obì kankan.

Bí bàbá mi bá ń kígbe, ọ̀rọ̀ ti fẹ́ẹ̀ tán nìyẹn. Ìgbà tí wọ́n bá ń sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́ ló yẹ kéèyàn bẹ̀rù. Jẹ́jẹ́ ni wọ́n sọ ọ́ lọ́jọ́ náà: "Ọmọ mi ò ní wọ ọkọ̀ yìí mọ́ o. Ọkùnrin tí kò lè dúró kó má gbọ̀n, báwo ló ṣe fẹ́ dúró ti obìnrin?"

Ẹ̀rín pa Ìyá Àgbà. Èmi ò rẹ́rìn-ín, nítorí mo mọ ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti wá. Bàbá mi ní ọ̀rẹ́ kan tí wọ́n jọ kọ́ ọkọ̀ wíwà. Bíréèkì rẹ̀ kọ́kọ́ ń gbọ̀n díẹ̀díẹ̀, ó ní kò sí nǹkan kan. Gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ kan lọ́nà Jẹ́bà ló pa á. Láti ìgbà náà, Bàbá lè foríji olè, wọn kì í foríji bíréèkì.

Ohun tó wá bà mí lẹ́rù ni pé ẹlòmíì wà nílẹ̀. Ọkùnrin kan ń ta símẹ́ǹtì ládùúgbò wa, kẹ̀kẹ́ ló ń gùn, ó sì ti ń kí Bàbá ní àkítúnkí láti bí oṣù mélòó kan. Èèyàn dáadáa ni, ṣùgbọ́n ó máa ń sọ̀rọ̀ símẹ́ǹtì títí èèyàn á fi gan. Lálẹ́ ọjọ́ náà mo gbọ́ tí Bàbá ń sọ fún ìyá mi pé àwọn ti wo bíréèkì kẹ̀kẹ́ ọkùnrin náà, ó dá ṣáká. Ẹkún fẹ́ẹ̀ gbọ̀n mí. Mo fẹ́ràn ará Ọ̀yọ́ yìí, n ò sì rí bí mo ṣe máa ṣàlàyé fún ayé pé kẹ̀kẹ́ ló gba ọkọ mọ́ mi lọ́wọ́.

Ọjọ́ tí erin bá kú, oríṣiríṣi ọ̀bẹ là ń rí. Gbogbo agbo ilé di mẹkáníìkì. Ẹnì kan ní táyà ló wú. Ẹnì kan ní nọ́ọ̀tì ló tú. Ìyá mi ní awọ tó fi bo ìjókòó ló pọ̀ jù, pé ẹran tí wọ́n bó awọ rẹ̀ ló ń bínú. Bàbá kọ́kọ́ ṣe bí ẹni tí kò gbọ́, ṣùgbọ́n ọwọ́ awakọ̀ ń yún wọn. Nígbà tí ará Ọ̀yọ́ tún wá, wọ́n gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

"A ń lọ sí ọ̀nà Ìrẹsà," ni wọ́n wí, "níbi tí títì ti dá. Bó bá jẹ́ táyà iwájú ló ń ṣàìsàn, sitiárìn ni yóò gbọ̀n lọ́wọ́ awakọ̀. Bó bá jẹ́ tẹ̀yìn, ìdí ẹni tó jókòó sẹ́yìn ni yóò gbọ̀n." Wọ́n wá yíjú sí Ìyá Àgbà. "Ìwọ ni o máa jókòó sẹ́yìn."

"Kí ló dé tó jẹ́ èmi?"

"Ìdí tìrẹ ò lè parọ́."

Wọn ò jẹ́ kí n wọ̀ ọ́, gẹ́gẹ́ bí òfin. Mo fẹsẹ̀ rìn lọ dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, inú ń bí mi. Bàbá á fi ọkọ̀ náà sáré wá, wọ́n á tẹ bíréèkì, orí Ìyá Àgbà á yọ lójú fèrèsé: "Kò gbọ̀n o! Ìdí mi ò gbọ̀n!" Wọ́n á tún yí padà, wọ́n á tún sáré. "Ìdí mi ò gbọ̀n rárá!" Àwọn àgbẹ̀ tó ń ti oko bọ̀ sọ iṣu kalẹ̀, wọ́n ń wò. Àgbàlagbà kan nínú wọn dáhùn tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, "A bá yín dúpẹ́ o, Ìyá."

Bàbá dúró, wọ́n yẹ ẹ̀yìn ọkọ̀ wò, wọ́n rí i pé orí tìmùtìmù ni Ìyá Àgbà jókòó lé. Wọ́n fà á yọ, wọ́n tún ká awọ kúrò, ó ku irin àti sípíríǹgì. Wọ́n tún bẹ̀rẹ̀. Ohùn Ìyá Àgbà yí padà: "Ó ń gún mi o! Ṣùgbọ́n kò gbọ̀n!" Bàbá wá rọra fa bíréèkì ọwọ́ nìkan, èyí tó ń mú táyà ẹ̀yìn, ọkọ̀ náà sì dúró jẹ́jẹ́. Nígbà tí wọ́n tún fẹsẹ̀ tẹ ti ilẹ̀, sitiárìn bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n lọ́wọ́ wọn bí ẹni tí ibà ń ṣe.

"Iwájú ni," ni wọ́n wí. Ẹ̀rín fẹ́ẹ̀ yọ lẹ́nu wọn, wọ́n gbé e mì.

Mẹkáníìkì tú táyà iwájú. Nínú rẹ̀ ni irin pẹlẹbẹ róbótó kan wà tó ń bá táyà yí, òun ni bíréèkì máa ń fún mọ́ra kí ọkọ̀ tó dúró. Díìsì ni wọ́n ń pè é. Ó ti wọ́ díẹ̀, kò tẹ́jú mọ́, ìdí nìyẹn tó fi ń ti bíréèkì síwá sẹ́yìn. Wọ́n gbé e lọ fá lórí ẹ̀rọ, wọ́n dá a padà, ọkọ̀ dúró bí òkúta. Inú wa dùn. Ó lọ sí Ọ̀yọ́, ó tún wá ní Sunday tó tẹ̀ lé e, ọkọ̀ rẹ̀ ń dán gbinrin, ó tẹ bíréèkì lójúde wa: jì-jì-jì-jì!

Wọ́n tún fá a, ó tún gbọ̀n. Ó ra díìsì míì, ìyẹn náà gbọ̀n. Ìyá rẹ̀ ní Ọ̀yọ́ gbé omi àdúrà, wọ́n wọ́n ọn sí táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ó gbọ̀n tàdúràtàdúrà. Ohun tó sì ń ṣe é ní kàyéfì ni pé bí wọ́n bá ti fá a tán, ọkọ̀ náà kì í ṣe nǹkan kan ní Ọ̀yọ́. Ó di kí ó dé Ògbómọ̀ṣọ́. Ó wá bi mí lọ́jọ́ kan, ó ń wo ẹsẹ̀ rẹ̀, "Ṣé kì í ṣe pé ẹnì kan nílé yín ò fẹ́ mi ni?"

Mo ní, "Bàbá mi tí kò fẹ́ yín, ẹnu ni wọ́n fi sọ ọ́. Kí ni wọ́n tún fẹ́ fi bíréèkì sọ?"

Bàbá wá dá ọjọ́ fún un. Wọ́n ní àwọn àgbà ilé máa jókòó ní Sunday tó ń bọ̀. Bí ọkọ̀ náà bá tún gbọ̀n níwájú wọn, kí ó má wulẹ̀ pa iná rẹ̀, kí ó yí i padà sí Ọ̀yọ́, kí ó má sì wá mọ́. N ò sùn dáadáa lọ́sẹ̀ náà. Mo máa ń tẹ ẹsẹ̀ ẹ̀rọ ìránṣọ mi, bí ó bá ti gbọ̀n díẹ̀, àyà mi á já.

Mo rò ó títí, mo ní bí ó bá jẹ́ ojú ọ̀nà ni nǹkan náà ti ń bẹ̀rẹ̀, ojú ọ̀nà ni mo gbọ́dọ̀ wà. Ní ìdájí ọjọ́ Sunday náà, mo wọkọ̀ èrò lọ sí Ọ̀yọ́. Mẹkáníìkì kan níbẹ̀ ti bá a fá díìsì náà lọ́jọ́ Sátidé. Àwa méjèèjì gbéra bọ̀, mo rú òfin Bàbá, mo jókòó síwájú. Gbogbo gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ tí a bá ti dé, màá ní, "Ẹ tẹ̀ ẹ́." Á tẹ̀ ẹ́, ọkọ̀ á rọra dúró. Láti Ọ̀yọ́ títí ó fi ku díẹ̀ ká wọ Ògbómọ̀ṣọ́, kò gbọ̀n rárá. Eruku ti bò wá débi pé ehín wa nìkan ló funfun, ṣùgbọ́n inú mi ń dùn.

Gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ gígùn kan wà níbẹ̀ tó sọ̀ kalẹ̀ lọ sí etí odò. Ó ń tẹ bíréèkì bọ̀ láti òkè dé ìsàlẹ̀, ó wá ya kúrò lójú títì, ó dúró sábẹ́ igi. Mo rò pé ó fẹ́ tọ̀ ni. Ó ṣí ẹ̀yìn ọkọ̀, ó gbé garawa, ọṣẹ, kànìnkànìn àti àkísà jáde.

"Kí lẹ fẹ́ fi garawa ṣe?"

"Mo fẹ́ fi omi ṣan ọkọ̀ lára ni. Ta ló ń gbé eruku lọ sílé àna?"

"Ṣé ibí lẹ ti máa ń fọ̀ ọ́?"

"Nígbàkígbà tí mo bá ń bọ̀ ni."

"Eruku tí kì í mú yín ńkọ́?"

Ó lọ pọnmi lódò. "Táyà ni mo máa ń kọ́kọ́ fọ̀," ni ó wí, "torí ẹsẹ̀ àlejò ni wọ́n kọ́kọ́ ń wò." Ó da omi tútù náà lu táyà ẹ̀yìn. Ṣìììììì! Èéfín funfun rú jáde. Ó ń fọ ọ́ lọ bí ẹni tí kò gbọ́. Ó ní, "Bó ṣe máa ń ṣe nìyẹn, ó ń tutù ni."

Mo mọ ìró yẹn. Nígbà tí mò ń kọ́ṣẹ́ ìránṣọ, ọ̀gá mi bínú da omi tútù sí áyọ́ọ̀nù tó gbóná janjan. Ìró kan náà ló dún. Ìdí áyọ́ọ̀nù náà wọ́, kò tẹ́jú mọ́ láéláé, bí a bá gbé e lé tábìlì, á máa mì. Mo gbójú sókè, mo rí i tó ti pọnmi míì, tó ń gbé e lọ sí táyà iwájú.

Mo bọ́ sílẹ̀, mo di garawa mú. "Ẹ gbé e sílẹ̀!"

"Kí ló dé? Àwọn àgbà ń dúró dè wá!"

"Omi yìí ni! Omi yìí ló ń wọ́ díìsì! Bíréèkì ti gbóná, ẹ ń da omi tútù lé e, Sunday dé Sunday!"

"Ṣé kí n wá gbé eruku lọ bá bàbá ẹ, èmi tí mo ti sọ fún wọn pé..." Mo rí i lójú rẹ̀ pé ó ti gbà mí gbọ́, ṣùgbọ́n ojú ń tì í ju bí ó ṣe gbà mí gbọ́ lọ. Ó fa garawa, mo fà á. Àgbàlagbà méjì létí odò lọ́sàn-án gangan! Inú bí mi débi pé mo gbàgbé láti pè é ní ẹ̀yin. Mo ní, "Fi í sílẹ̀, ìwọ ọkùnrin yìí! Èmi lo fẹ́ fẹ́ ni, àbí táyà?" Garawa dojú dé, omi da sí wa lára láti àyà dé ẹsẹ̀, eruku ara wa di ẹrẹ̀, ó sì ta sára ọkọ̀. Táyà iwájú nìkan ni kò kàn. Ó tún fẹ́ lọ pọnmi, mo gba garawa náà, mo jù ú sódò. Odò gbé e lọ. A dúró, à ń wò ó. Ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín, èmi náà rẹ́rìn-ín, lẹ́yìn náà ẹ̀rù bà wá, a wọ ọkọ̀.

Bí a ṣe dé ilé, kò sẹ́ni tó mọ̀ wá. Àwọn àgbà wà lórí ẹní lójúde, Bàbá wà láàárín wọn nínú agbádá funfun. Ìyá mi dì mọ́ mi, ó ń ké pé jàǹbá ọkọ̀ ni. Ìyá Àgbà wò mí látòkè délẹ̀. "Ṣé ẹ ti ọkọ̀ wá ni, àbí ẹ sin ín kẹ́ ẹ tó hú u?"

Ará Ọ̀yọ́ dọ̀bálẹ̀ gbalaja nínú ẹrẹ̀ tó wà lára rẹ̀. Ohùn rẹ̀ ń gbọ̀n. "Bàbá, irọ́ ni mo pa fún yín. Eruku ń mú mi. Odò ni mo ti máa ń fọ ọkọ̀ kí n tó wọ̀lú, omi tútù ọ̀hún ló sì ń ba bíréèkì jẹ́. Òní ni mo tó mọ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú."

"Láti ìgbà wo?"

"Láti ọjọ́ tí mo ti kọ́kọ́ wá."

"Mo ti sọ ọ́ ní mọ́ṣáláṣí!" Bàbá kígbe, àyà mi sì balẹ̀ díẹ̀ nítorí igbe náà. "Mo ti sọ fún Lèmọ́mù! Ta ni mo fẹ́ lọ bá báyìí?" Wọ́n na ọwọ́ gba kọ́kọ́rọ́, wọ́n wọ ọkọ̀, àwọn nìkan, wọ́n sì wà á lọ sí ọ̀nà Ọjà Igbó.

A dúró. Mo ń ka gbogbo àdúrà tí mo mọ̀ nínú mi, mo tún ka èyí tí mo gbọ́ lẹ́nu ìyá rẹ̀. Nígbà tó yá, a gbọ́ ìró ọkọ̀ náà, eré ni Bàbá ń sá bọ̀, eré àwọn ọjọ́ Kánò. Àwọn àgbà bẹ̀rẹ̀ sí í ká ẹsẹ̀ wọn kúrò lọ́nà. Iwájú ẹní gan-an ni wọ́n ti tẹ bíréèkì. Ọkọ̀ náà dúró ṣinṣin, kò mì. Eruku orí rẹ̀ nìkan ló rọ́ wálẹ̀ bo bọ́nẹ́ẹ̀tì.

Bàbá jókòó díẹ̀ síbẹ̀, ọwọ́ wọn wà lórí sitiárìn. Wọ́n sọ̀ kalẹ̀. Wọ́n wo ọkùnrin tó wà nílẹ̀ nínú ẹrẹ̀, wọ́n wo èmi náà, wọ́n wá yíjú sí àwọn obìnrin ilé.

"Ẹ bu omi fún àna mi kó wẹ̀," ni wọ́n wí. "Ẹ má sì jẹ́ kó kan táyà o."